Ìtàn Iná Pupa Orí Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́: Kí Ló Dé Tí Òfin Fi Ní Kí Wọ́n Pa Á?

Bí ẹ bá gbójú sókè lálẹ́ ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta, ẹ ó rí iná pupa kéékèèké lórí àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti mọ́ wa lójú débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí i mọ́. Iná yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Awakọ̀ bàálù ni wọ́n tàn án fún, kó lè mọ̀ pé ohun gíga kan dúró síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé iná sórí ohun tí bàálù lè kọ lù.

Ó dáa. Ẹ wá rò ó wò pé kì í ṣe òpó kan ṣoṣo. Ẹ rò pé ó tó àádọ́ta, tàbí ọgọ́rùn-ún, pé wọ́n yí abúlé yín ká, pé wọ́n ga ju òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ mọ̀ lọ, àti pé iná orí wọn ń ṣẹ́jú láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́, lójoojúmọ́ ayé. Bí ọ̀pọ̀ abúlé ní àríwá ilẹ̀ Jámánì ṣe wà fún nǹkan bí ogún ọdún nìyẹn. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná, èyí tó dà bíi fáànù ńlá yẹn, ló gbé iná pupa náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa máa bi òfin: ta ni iná yìí ń dáàbò bò, ta ló sì ń fojú winá rẹ̀?

Ibi tí òfin ti wá

Ká tó dé orí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí Chicago ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè 52 ti jókòó, wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí bí bàálù á ṣe máa fò láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Inú àdéhùn yẹn ni àjọ tí à ń pè ní ICAO ti jáde. Ní 1951, ICAO gbé ìwé ìlànà kan jáde lórí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n pè é ní Annex 14. Ìwé yìí, tí wọ́n ti tún ṣe léraléra, ló ń sọ irú ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun ohun gíga, irú iná tí wọ́n máa gbé sórí rẹ̀, bí iná náà á ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nàìjíríà wọ ICAO ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ìdí nìyẹn tí àjọ NCAA fi máa ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé òpó gíga ró. Nítorí náà, iná orí òpó Òṣogbo àti iná orí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Jámánì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ICAO kì í fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni. Ìlànà ni wọ́n ń là sílẹ̀, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa lọ kọ ọ́ sínú òfin tiẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé pupa ni iná alẹ́ orí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé ní Sweden, iná funfun tó ń kọ mànà ni wọ́n gbé sórí àwọn tó ga ju mítà 150 lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣọ́ra fún, àmọ́ bí oníkálukú ṣe ń ṣọ́ ọ yàtọ̀.

Bí fáànù ṣe ń ga sí i

Ní 1983, ilẹ̀ Jámánì gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ró ní Kaiser-Wilhelm-Koog, nítòsí Òkun Àríwá. Growian ni wọ́n pè é. Orí òpó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 100, òbìrí tí apá rẹ̀ ń yí sì fẹ̀ tó mítà 100. Ìyẹn ni pé bí apá kan bá dúró ṣánṣán, ṣóńṣó rẹ̀ á tó mítà 150 sí ilẹ̀. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ní 1987 wọ́n pa á tì, lẹ́yìn náà wọ́n wó o. Àwọn tí kò gba ti iná afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ rí ohun fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni kò dúró. Láti ọdún 1991, òfin ní dandan ni kí àwọn tó ni wáyà iná ra iná tó bá ti inú afẹ́fẹ́ jáde. Ní 2000, òfin mìíràn tí wọ́n ń pè ní EEG rọ́pò rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ máa sáré gbé ẹ̀rọ ró. Lónìí, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ Jámánì lé ní 28,000, kò sì sí ohun ìyanu mọ́ nínú èyí tí ṣóńṣó apá rẹ̀ kọjá mítà 200.

Níbo ni iná ti wọ̀ ọ́? Lórí nọ́ńbà kan: 100. Ní Jámánì, ohunkóhun tó bá ti ga ju mítà 100 lọ gbọ́dọ̀ ní àmì fún bàálù. Kí ẹ̀dá tó gbọ́ òfin tán, ó ti wá ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà yẹn ni wọ́n dìídì ṣe kí ṣóńṣó rẹ̀ dúró sí ibi tó kù díẹ̀ kó pé mítà 100, kí ọ̀rọ̀ iná má bàa kàn án. Àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń lágbára bí a bá ṣe ń gòkè sí i, èrè sì wà lókè. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè dúró sí mítà 99 mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2004, ìjọba Jámánì gbé ìlànà kan jáde lórí bí wọ́n á ṣe máa sàmì sí ohun tó lè dí bàálù lọ́nà. Ní ọ̀sán, ẹ lè kun apá ẹ̀rọ ní ọ̀dà pupa, tàbí kí ẹ gbé iná funfun tó ń kọ mànà sí i. Ní alẹ́, iná pupa ni. Lójú ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Lójú ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ àwọn ará abúlé

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn tó ń ráhùn kàn kórìíra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Jámánì, Johannes Pohl, Gundula Hübner àti Anja Mohs, kò gba èyí lásán. Wọ́n lọ bi ènìyàn 420 tó ń fojú ara wọn rí ẹ̀rọ láti ilé wọn, ní ibi 13, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012 nínú ìwé ìròyìn Energy Policy. Wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo iná ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu bákan náà. Iná funfun tí wọ́n ń pè ní xenon, tó ń kọ bíi mànàmáná òjò, ló ń da àwọn ènìyàn láàmú ju iná LED tàbí ọ̀dà lásán lọ. Bí ojú ọjọ́ bá sì rí báyìí-báyìí, iná tí kò ṣẹ́jú pọ̀ ń bíni nínú ju èyí tó ń ṣẹ́jú pọ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni wọ́n mú wá: ẹ jáwọ́ nínú xenon, ẹ jẹ́ kí gbogbo iná máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere.

Ìkẹta yẹn ti wà nínú ìlànà Jámánì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń wọn bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó. Bí ó bá ju kìlómítà 5 lọ, wọ́n lè dín iná kù sí ìdá 30 nínú 100. Bí ó bá ju kìlómítà 10 lọ, ìdá 10 péré ló máa kù. Nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, iná á padà tàn ní kíkún.

Ti ìkejì ló dùn mọ́ mi jù, torí pé kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Báwo lẹ ṣe máa mú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, tí onílé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa ṣẹ́jú pọ̀? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ á ní ká na wáyà láti ọ̀kan dé èkejì, tàbí ká fi ọ̀kan ṣe olórí. Ìlànà Jámánì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní: tàn fún sẹ́kọ́ọ̀ndì 1, kú fún ìdajì, tàn fún 1, kú fún 1 àti ààbọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ́kọ́ọ̀ndì 4. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ìka náà ní aago 00:00:00 lórí UTC, aago tí gbogbo ayé jọ ń lò. Sẹ́kọ́ọ̀ndì 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, 4 sì pín in géérégé sí ọ̀nà 21,600, tí kò ní ṣẹ́kù. Bí aago bá tún di òdo ní òru, ìka ò ní fò. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á kàn wo aago tó ń gbà láti ojú ọ̀run, á sì mọ ohun tó kàn. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnì kejì, síbẹ̀ gbogbo wọn ń ṣe é pọ̀.

Ó dára, àmọ́ ẹ má gbàgbé: iná tó ń ṣẹ́jú pọ̀ ṣì ń ṣẹ́jú.

Ẹyẹ dá sí i

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FAA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù. Ní 2005 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n rí i pé kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀rọ inú oko afẹ́fẹ́ kan ní iná. Bí àwọn tó wà ní etí oko bá ti ní in, tí àlàfo tó wà láàárín iná kan àti èkejì kò sì ju ìdajì máìlì lọ, awakọ̀ á mọ ibi tí oko náà fẹ̀ dé. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá kùn ní funfun kò nílò iná ní ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ìmọ̀ dín iná kù, láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tafà.

Ẹyẹ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹyẹ tó bá ń ṣí lọ lóru máa ń ṣìnà sí ìdí iná tó ń tàn láìkú, á máa yí i po títí tó fi máa kọ lu wáyà tàbí òpó. Ní 2009, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ ní Michigan fi hàn pé bí wọ́n bá yọ iná tí kì í ṣẹ́jú kúrò, ikú ẹyẹ lè dín kù ní ìdá 50 sí 71 nínú 100. FAA gbà, wọ́n sì tún ìlànà wọn kọ ní oṣù Kejìlá 2015.

Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Iná tó ń ṣẹ́jú ló ń dá ẹyẹ sí. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn náà ni kò jẹ́ kí ará abúlé gbádùn òru. Kò sí bí ẹ ṣe máa tún iná náà tò tí yóò tẹ́ gbogbo wọn lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo tó máa tẹ́ ẹyẹ àti ènìyàn lọ́rùn ni kí iná má tàn rárá. Awakọ̀ bàálù ńkọ́?

Iná tó ń dúró de àlejò

Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn láti sọ: kí iná kú, kó sì tàn nìkan nígbà tí bàálù bá ń bọ̀. Bàálù tó ń fò nílẹ̀-nílẹ̀ lóru lórí abúlé kò pọ̀. Kí ló dé tí a fi ń tan iná mọ́jú de ẹni tí kò wá?

Àwọn ará Nọ́wè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ OCAS ṣe rádà tó ń ṣọ́ wáyà iná tó gba orí àfonífojì kọjá. Vestas, ilé-iṣẹ́ Denmark tó ń ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ra OCAS lẹ́yìn náà. Nínú ìlànà 2015 kan náà tó gba ẹyẹ là, FAA fàyè gba irú ẹ̀rọ yìí: iná gbọ́dọ̀ ti tàn kí bàálù tó wọ ibi tó jìnnà tó máìlì òkun 3, ìyẹn kìlómítà 5 àti ààbọ̀, tí kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lọ sí orí ẹ̀rọ. Jámánì náà fàyè gbà á ní 2015. Tiwọn jẹ́ kìlómítà 4 yí ẹ̀rọ ká, àti mítà 600 sókè láti ilẹ̀.

Àmọ́ rádà wọ́n. Ó ń ju ìgbì sáfẹ́fẹ́, ó sì ń gba àṣẹ lọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Dirkshof wá ọgbọ́n mìíràn: rádà wọn, Parasol, kì í sọ̀rọ̀, ó kàn ń fetí sílẹ̀ ni. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n tó ti wà lójú ọ̀run tẹ́lẹ̀ ló ń lò. Bí bàálù bá kọjá, ìgbì náà á ta padà lára rẹ̀, Parasol á sì mọ̀.

Ọ̀nà kẹta ló rọrùn jù. Ọ̀pọ̀ bàálù ló ní tránsípọ́ńdà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké jáde pé èmi rèé, ibi tí mo ga dé rèé. Ẹ̀rọ agbohùn kan ṣoṣo lè gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì wọ́n tó rádà. Ìbéèrè tó kù ni pé: bàálù tí kò bá ké jáde ńkọ́? Àwọn ológun, fún àpẹẹrẹ, lè fẹ́ fò ní ìdákẹ́jẹ́. Ní 2020 ni Jámánì tó fọwọ́ sí tránsípọ́ńdà, wọ́n sì fi ohun kan kún un: níbi tí iná pupa bá ti ń kú, iná infrared gbọ́dọ̀ wà. Ojú ènìyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá wọ awò òru á rí i kedere.

Òfin kan wà nínú gbogbo rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mú lọ ilé. Bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bàálù bá bàjẹ́, iná gbọ́dọ̀ tàn. Kò gbọ́dọ̀ kú. Bí wáyà bá já, bí rádà bá dákẹ́, bí kọ̀ǹpútà bá gbàgbé ara rẹ̀, kí iná tàn. Ará abúlé á bínú fún òru mélòó kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kú. Nínú ohunkóhun tí a bá ń ṣe tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ máa ṣubú sí ló yẹ ká kọ́kọ́ yàn, kí a tó yan ibi tó máa dúró.

Ọjọ́ tí wọ́n dá, ọjọ́ tí wọ́n sún

Fífàyè gba nǹkan yàtọ̀ sí kíkàn án nípá. Ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà ṣe òfin rẹ̀ ní 2017. Ní oṣù Kejìlá 2018, ìjọba àpapọ̀ Jámánì náà sọ ọ́ di dandan fún ẹ̀rọ tuntun àti ti àtijọ́, wọ́n sì fi kọ́ owó: ẹni tí kò bá ṣe é, owó tó ń gbà lórí iná máa dín kù.

Ọjọ́ tí wọ́n dá ni July 1, 2020. Àmọ́ gbólóhùn kékeré kan wà nínú òfin náà: bí irú ẹ̀rọ yìí kò bá pọ̀ tó lọ́jà, àjọ Bundesnetzagentur lè sún ọjọ́ síwájú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá oníṣẹ́ ṣe àdéhùn rí mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Wọ́n sún un sí 2021. Wọ́n tún sún un sí òpin 2022. Lẹ́yìn náà ó di òpin 2023, ó tún di òpin 2024.

Ká má parọ́ mọ́ wọn, ìdí wà. Ìlànà tránsípọ́ńdà kò jáde títí di 2020, ọdún tó yẹ kí iṣẹ́ ti parí. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dán an wò ní oko kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ló wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fọwọ́ sí ìwé kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí òfin ní kí iná tàn, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ará abúlé ti múra tán. Nígbà tó kan kí wọ́n pa á, gbogbo ayé ló ní láti kọ́kọ́ múra. Ẹni tó ń jìyà ni wọ́n ń sọ fún pé kó mú sùúrù.

Láti 2025 ni ọjọ́ náà tó dé lóòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, Kansas àti ìpínlẹ̀ Washington ṣe òfin tiwọn ní 2023, àwọn náà kò yọ ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa

Ẹlòmíràn á ní kí ló kàn wá nínú iná abúlé òyìnbó. Ohun tó kàn wá nìyí. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ká fi epo sílẹ̀, ká lọ sídìí oòrùn àti afẹ́fẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í wà lójú sánmà lásán. Itòsí ilé ẹnì kan ló máa ń wà. Bí a bá gbé e ka ẹni náà láyà, tí a kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ayé là á di ọ̀tá rẹ̀, ẹ̀rọ tó kàn á sì ṣòro láti gbé ró. Ìdí nìyẹn tí òṣèlú Jámánì fi fi ọ̀rọ̀ iná pupa kékeré sínú òfin iná mànàmáná odidi orílẹ̀-èdè.

Ìbéèrè tí òfin àkọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé nǹkan gíga wà níbí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Èyí tí òfin tuntun ń béèrè ni pé: ṣé ẹnì kan ń bọ̀? Ó gbà wọ́n ní ogún ọdún láti kúrò nínú ìkíní bọ́ sínú ìkejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ tí wọ́n lò ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rọ kọ́ ló pẹ́ jù lọ́nà. Ohun tó pẹ́ ni kí ẹni tó ń kọ òfin tó mọ̀ pé òkùnkùn náà, ohun tí ènìyàn nílò ni.